Ẹ̀rọ Tó Gbé Àmín Mì

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà Makola ní Accra, tẹ́ ẹ ní Làtífátù aláṣọ lẹ̀ ń wá, wọ́n á ní èwo nínú wọn. Ẹ ṣáà sọ pé èyí tí kì í gbé ẹrù fún aláàárù tó bá sáré wá bá a. Kíá ni wọ́n á nàka sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn látọjọ́ tó ti ń tajà. Tí bẹ́ẹ̀lì aṣọ bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn aláàárù, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé páànù ńlá kiri tí ará Accra ń pè ní kayáyòó, wọ́n á ya bò ó bí ẹyẹlé tó rí àgbàdo. Làtífátù á wò wọ́n látòkè délẹ̀. Èyí tó bá ń rẹ́rìn-ín sí i jù, kò gbà. Èyí tó bá ń bi í pé kí ló wà nínú ẹrù, á ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Orí ẹ ni mo fẹ́ háyà, mi ò háyà ojú." Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ ti páànù rẹ̀, tó ń jẹ wáákyè ẹ̀, ìrẹsì ẹlẹ́wà, tí kò wojú ẹnì kankan, òun ló máa pè. Á sì kọ́kọ́ fún un ní ẹrù kékeré gbé dé ìdí ọkọ̀, kó tó gbé ńlá lé e lórí.

Abena, ọmọ Asante tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti wò ó títí ó ti sú u.

"Latifa, aláàárù lò ń wá ni àbí ọkọ?"

"Ọkọ rọrùn. Tí ọkọ bá sá, ebi á lé e padà wálé. Tí aṣọ bá sá, ṣé ebi máa ń pa aṣọ ni?"

"Ẹ̀yin Alata yìí! Ẹ̀yin Yorùbá, ẹnu yín kì í sinmi."

"Sinmi tìẹ ná ká wò ó."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjà, èèyàn lè gbàgbé rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kó máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ohun tó ṣe Làtífátù nìyẹn lọ́dún tó fẹ́ fa Abíọ́lá, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, fún ọkọ.

Tàjùdíìnì, bàbá Abíọ́lá, ará Ìsẹ́yìn ni. Ó ṣì kéré nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un wá sí Sabon Zongo ní Accra, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Nínú ilé tiwọn, ọmọbìnrin kì í jáde lọ sílé ọkọ láìjẹ́ pé obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé fi oríkì kì í jáde. Ọmọ á kúnlẹ̀. Ìyá àgbà á pe oríkì rẹ̀, á ṣàdúrà, á sì dákẹ́. Ọmọ á fẹnu ara rẹ̀ ṣe àmín kí gbogbo agbo tó gbè é. Ibi ìdákẹ́ yẹn gan-an ni àdúrà ti ń mú. Àdúrà tí ọmọ ò bá ṣàmín sí, bí oúnjẹ tí wọ́n bù fún ẹni tí kò lanu ni.

Obìnrin tó dàgbà jù nílé wọn ni Màmá Ìsẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n Tàjùdíìnì. Ohùn rẹ̀ ṣì le koko, ẹsẹ̀ ni ò lè dé Accra mọ́. Ṣé kí wọ́n pè é lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni? Wọ́n ti dán ìyẹn wò fún ọmọ wọn kan ní Kumasi. Màmá ṣàdúrà dé ibi pé, "Ọmọ yìí, tó bá délé ọkọ, kò ní..." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Kò ní kí ni? Gbogbo ilé ń wo ara wọn lójú. Obìnrin náà ti bí ìbejì báyìí, ó ti kọ́lé, síbẹ̀ tí orí bá fọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, á ní "kò ní" ọjọ́ yẹn ló ń jà.

Nítorí náà, Màmá ní kí Olúṣínà, ọmọ-ọmọ òun, gba ohùn òun sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ohùn dé. Ó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní orí fíláṣì lòun ń fẹ́ ẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ MP3. Aṣọ tí Wásáàpù wọ̀ fún ohùn, ẹ̀rọ tòun ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé fóònù síwájú máìkì wò, Màmá ń dún bí ewúrẹ́ tó já sínú àgbá.

Faruk, ọmọ Hausa tó ń tún fóònù ṣe níwájú ilé wọn, ní kò le. Inú ilé wọn ló ti ń jẹun láti kékeré, ó gbọ́ Yorùbá ju ọmọ Yorùbá míì lọ.

"Alhaja, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní ohun tó ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mi."

Làtífátù yọjú wò ó. Ó rí i tó rí eérú-eérú, kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́, ó dà bí ìwé iná mànàmáná.

"Èyí? Ojú ẹ̀ ò jọ ojú ìyàwó." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, níbi tó ti ń wo fídíò ní ṣọ́ọ̀bù, nǹkan kan fò jáde lórí fóònù rẹ̀. Ó ní ojú rìbìtì aláwọ̀ ewé, ó ń rẹ́rìn-ín, ìràwọ̀ tò sábẹ́ rẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ó ní áàpù lòun, òun á sọ ohùn di MP3 lọ́fẹ̀ẹ́, kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ẹ gbọ́ o: òun ló sáré wá bá a, òun ló ń rẹ́rìn-ín. Làtífátù sì gbé ẹrù fún un!

Áàpù ní kó jẹ́ kí òun wo orúkọ gbogbo àwọn tó ń pè. Làtífátù ní bẹ́ẹ̀ ni. Áàpù ní kó jẹ́ kí òun wo fọ́tò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Kó jẹ́ kí òun mọ ibi tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí òun bá a fọ ohùn náà mọ́? Ó kúkú fẹ́ kó mọ́. Ṣé kí òun pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gbà wọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ìyàwó tó jókòó síwájú Lèmọ́ọ̀mù. Ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ pa èyí tó kù lórí Wásáàpù rẹ́, nítorí fóònù ti kún. Nígbà tí áàpù parí, ó rí i pé ohùn Màmá ti kúrú ju bó ṣe wà lọ. Inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wo bó ṣe ká a mọ́ra, bí aṣọ inú àpótí!"

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní kí wọ́n dán an wò nínú àgbàlá. Tàjùdíìnì jókòó, àwọn ìyá àgbà méjì láti ilé kejì jókòó, Abíọ́lá kúnlẹ̀. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Màmá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó fi oríkì Abíọ́lá pè é: "Àṣàkẹ́ o, ọmọ ahunṣọ má fowú ṣeré..." Ó bọ́ sí àdúrà. Yéè! Àdúrà gbé eré. "O ó bí akọ o ó bí abo ebi ò ní pa ọ́ nílé ọkọ ìyá ọkọ ò ní fi ọ́ ṣe ìjókòó..." Kò sí ìdákẹ́, kò sí èémí. Abíọ́lá la ẹnu pé "Àm..." Màmá ti dé ìyá ọkọ. Ó tún la ẹnu, Màmá ti dórí ọmọ. Ọmọ ń lé àdúrà lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹni ń lé tòrótòró, ọkọ̀ èrò, ní Kaneshie.

Lẹ́ẹ̀kan náà ni ohùn Màmá já, ni obìnrin òyìnbó kan bá ń sọ̀rọ̀ nímú. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ó ní ọ̀fẹ́ lèyí tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yìí o, ẹni tó bá fẹ́ kó pé kó sanwó. Àwọn ìyá àgbà méjèèjì ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe bí àdúrà ló ti dé apá òyìnbó. Wọ́n tẹ́wọ́ sókè.

"Àmín! Àmín o! Àṣẹ Ọlọ́run!"

Tàjùdíìnì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹ kú àmín! Obìnrin yẹn ní kẹ́ ẹ sanwó ni!"

"Àwa? Fún kí ni?" ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ẹ gba àmín wa padà!"

Ṣùgbọ́n Abíọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n bí sí Accra ni, Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀, ó gbọ́ ju èyí tó lè sọ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò kọsẹ̀.

"Màámi, mi ò lè lọ báyìí. Ohùn Màmá nìkan ni mo mọ̀ látilé Bàámi. Mi ò dé Ìsẹ́yìn rí. Tí mi ò bá lè dá a lóhùn, kí ni mo ń bá lọ?"

Làtífátù pa ẹ̀rọ, ó wọlé lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ìyẹn burú.

Ìtìjú ò tíì tán. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Làtífátù ò tíì kó aṣọ jáde tí Abena ti gbé fóònù tirẹ̀ wá.

"Latifa, ìwọ lo ní kí n wá ta tẹ́tẹ́?"

"Tẹ́tẹ́ wo?"

"Wò ó. Orúkọ ẹ rèé. O ní kí n wá jẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́."

Kì í ṣe Abena nìkan. Gbogbo oníbàárà, Hájíà tó ń ra léèsì ní Nima, ìmáàmù, títí kan ìyá ẹni tó fẹ́ fẹ́ Abíọ́lá, gbogbo wọn ni Làtífátù ti ń pè wá sí tẹ́tẹ́ láìmọ̀. Làtífátù ròyìn áàpù náà. Abena gbọ́ ọ tán. Ó jókòó lórí páálí ọṣẹ rẹ̀, ó pa ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ìwọ. Tí o kì í jẹ́ kí kayáyòó mọ ohun tó wà nínú bẹ́ẹ̀lì. Kayáyòó tó sáré wá bá ọ lójú ọ̀nà, o gbé ẹrù fún un, o kó kọ́kọ́rọ́ ilé fún un, o tún fi ilé àwa aládùúgbò hàn án!"

"Abena, ó tó."

"Kò tíì tó. Ó ń rẹ́rìn-ín, àbí kò rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín."

"Hẹ̀ẹ́n!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọ́ lára. Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé, ohun tí kì í ṣe, ó gba ọ̀dọ̀ Faruk lọ. Faruk gba fóònù, ó yọ áàpù náà kúrò, ó fọ gbogbo ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀. Ó ní òun ò bá a wí. Òun náà ti gbé irú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń polówó oògùn ìsanra fún òun. Ṣùgbọ́n ohùn Màmá ti tán pátá. Ọmọ tó gbà á sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ti pa tiẹ̀ rẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ pe Màmá.

Làtífátù kúnlẹ̀ síwájú fóònù kó tó pè. Faruk ní, "Alhaja, kò rí yín o." Ó ní, "O ò mọ Màmá."

Ó ṣàlàyé. Ó ń retí àrá. Ẹ̀rín ló gbọ́.

"Ìyàwó wa, ṣé èmi ni wọ́n gé lẹ́nu bẹ́ẹ̀? Èmi tí bàbá ọkọ ẹ ò lè gé lẹ́nu?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. Mo ní òmíràn nínú, àdúrà kì í tán. Màá ṣe é lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: lọ́tẹ̀ yìí, o ò gbọdọ̀ ṣí i gbọ́. Ìwọ, ọkọ ẹ, ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìyàwó ni gbogbo wa jọ máa gbọ́ ọ. Ṣé o gbọ́?"

"Màmá, tí ẹ̀rọ bá tún..."

"Kí o wá ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀."

Wàhálà dé. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹrù pé nígbà tí wọ́n ní kó má tú u? Làtífátù jókòó sórí àga Faruk, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀.

Faruk kọ́kọ́ ṣí ìkànnì kan. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n máa gbé sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á kàn fi ohùn náà ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á sọ ọ́ di MP3, wọ́n á dá a padà.

"Dúró. Níbo ni wọ́n ń gbé e lọ?"

"Orí kọ̀ǹpútà wọn."

"Níbo nìyẹn wà?"

Faruk fọwọ́ họ orí. "Ìlú òyìnbó, ó dà bíi."

"O ò mọ àgbàlá ẹ̀, o ní kí n gbé Màmá lọ síbẹ̀? Pa á dé."

Ó tún kan òmíràn. Ojú ewé náà ní bọ́tìnnì mẹ́ta tó tóbi, gbogbo wọn ní òun ni kí wọ́n tẹ̀. Làtífátù ní ilé tó bá ní ilẹ̀kùn mẹ́ta tí gbogbo wọn ń pe èèyàn, olè ló kọ́ ọ. Faruk rẹ́rìn-ín, ó ní òdodo ni.

Ló bá ku eléérú-eérú yẹn.

"Ta ló ṣe é?"

"Wọ́n pọ̀. Wọ́n ṣe é, wọ́n sì ṣí inú ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè wò ó bóyá nǹkan wà lábẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an ni mo ti gbà á, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà."

"Kí ló máa ń béèrè?"

"Kò béèrè nǹkan kan."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Kò fẹ́ mọ orúkọ yín, Alhaja."

"Pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ ná. Jẹ́ ká wò ó bóyá ó lè dá ṣiṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí."

Faruk pa á. Ètò náà jókòó jẹ́ẹ́ bó ṣe wà, ó ń retí iṣẹ́. Ó fẹ́ jọ Làtífátù lójú ná. Ṣùgbọ́n kò ní fún un ní ti Màmá. Ó fún un ní ẹrù kékeré: ó gba ọjà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀ lórí Wásáàpù, ó sì pe Abena tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Abena!"

Abena kì í tètè jẹ́ ìpè. Gbogbo Makola ló mọ̀. Ó ń to ọṣẹ. Ó tò ó tán, ó nu ọwọ́, ó yọ bébà kúrò lára tọ́ọ̀fì, ó jù ú sẹ́nu.

"Ẹ́ẹ̀n?"

"Mo ṣeun."

"Kí lo pè mí fún?"

"Ìyẹn náà ni."

"Orí ẹ ti dàrú. Ìyàwó yìí á pa ọ́."

Faruk fi ètò náà sọ ọ́ di MP3. Wọ́n gbé e sétí. "Abena!" Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́. Ìdákẹ́ gígùn, pẹ̀lú ìró ọṣẹ tó ń kọlu ara wọn nínú rẹ̀, pẹ̀lú aláàárù kan tó ń pariwo "Ago! Ago!" lọ́ọ̀ọ́kán, pẹ̀lú bébà tọ́ọ̀fì tó ń ha. Kí Abena tó wá ní, "Ẹ́ẹ̀n?" Kò sí obìnrin òyìnbó. Gígùn ti àkọ́kọ́ àti gígùn ti èkejì dọ́gba rẹ́gí.

"Òun nìyí," ni Làtífátù wí. "Kò fi nǹkan kan kún un, kò jẹ nǹkan kan nínú ẹ̀. Kódà kò jẹ ọ̀lẹ Abena."

Nígbà tí ohùn Màmá tuntun dé, Faruk kọ́kọ́ dà á kọ sí ibi méjì kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ṣe é. Gígùn dọ́gba. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ péré. Làtífátù gbá a lọ́wọ́ pàá. Ó so fíláṣì mọ́ etí ìró, ó ń fọwọ́ kàn án nígbà gbogbo bí ẹni tí eyín ń dùn. Tí Tàjùdíìnì bá bi í pé ṣé ó dá a lójú, á ní, "Ó dá mi lójú." Tó bá yí ẹ̀yìn padà, á ní, "Áńjọ̀ọ́nú òyìnbó, jọ̀ọ́, má wọ inú ẹ̀."

Sátidé ìyàwó pé. Àgbàlá kún. Àwọn ará ọkọ dé, Abena dé pẹ̀lú gèlè tó bo ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Abíọ́lá kúnlẹ̀ lórí ẹní. Làtífátù dúró ti ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́.

"Àṣàkẹ́ o. Ọmọ ahunṣọ má fowú ṣeré. Ọmọ adúró-ti-òfì kí òfì ó tó mọ́jú. O ń lọ, o ò sọnù. O ó bí akọ, o ó bí abo."

Màmá dákẹ́.

Inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ àkùkọ kan tó kọ ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n gbọ́ ẹnì kan tó ń gbálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Tàjùdíìnì gbé ojú sókè. Ó ti pẹ́ tó gbọ́ ìgbálẹ̀ àgbàlá yẹn kẹ́yìn.

"Àmín," ni Abíọ́lá wí, ketekete. Agbo gbè é.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, Màmá ń sọ, Màmá ń dákẹ́, ọmọ ń dá a lóhùn bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Nígbà tó kan ìyá ọkọ tí kò ní fi í ṣe ìjókòó, ìyá ọkọ gan-an ló ṣe àmín tó lágbára jù. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Làtífátù mí kanlẹ̀, ó fẹ́ na ọwọ́ pa ẹ̀rọ.

"Má tíì pa á," ni Màmá wí nínú ẹ̀rọ. "Ó ku ẹnì kan. Làtífátù."

Gbogbo ojú yí sí i. Ó wo ẹ̀rọ. Ó wo ọkọ rẹ̀. Bó ṣe wà nínú léèsì rẹ̀ olówó iyebíye, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

"Àníkẹ́, ọmọ ará Ìlọrin. Ọjọ́ tí a gbé ọ wọlé wa, ìyá ẹ ti kú, kò sẹ́ni tó kì ọ́ jáde nílé yín. Mo rí i, mo sì dákẹ́, nítorí mo rò pé ẹnu ẹ ti pọ̀ jù. Ẹnu yẹn lo fi tọ́ ọmọ wa. Ilé tí o bá wọ̀, kò ní rorò mọ́ ọ. Ọmọ tí o fà fún ọkọ yìí, wàá jókòó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Ìwọ náà, mo kì ọ́ jáde lónìí."

Ó dákẹ́. Màmá mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi àyè ńlá sílẹ̀ fún un. Àkùkọ tún kọ. Obìnrin tí gbogbo Makola ò lè borí lẹ́nu kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wá ẹnu, kò rí i. Abíọ́lá na ọwọ́ dì í mú.

"Àmín, Màmá," ni Làtífátù wí nígbẹ̀yìn, wẹ́rẹ́.

"Amen!" ni Abena ké látẹ̀yìn, àgbàlá sì gbà á bí òjò tó balẹ̀ lórí páànù.

"Ó tó," ni Màmá wí. "Ọmọ, pa á. Ṣé o ti pa á? Kò tíì pa, iná ẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Tẹ ibẹ̀ yẹn, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Olúṣínà, o fẹ́ kí gbogbo Accra gbọ́ pé mi ò tíì jẹun ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo agbo. Abíọ́lá dìde lórí ẹní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó sì ní òun ti ṣe tán, kí wọ́n máa lọ.